Irọ́ Tí Àbúrò Mi Gbà Gbọ́

Òórùn ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo ti dáràn. Fóònù wà létí mi, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléèwé wa ń pariwo pé, "Orúkọ rẹ ti jáde o! Ìwọ ni wọ́n fi síwájú fún àṣekágbá lọ́jọ́ Sátidé!" Mo fò sókè, mo lu àyà, mo tún fò. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, áyọ́ọ̀nù tí mo gbé lé aṣọ ti ń rú èéfín.

Kì í kúkú ṣe aṣọ lásán. Aṣọ nọ́ọ̀sì àgbà kan ni, tí wọ́n ti fi ọdún márùndínlógójì wọ aṣọ funfun lọ síbi iṣẹ́. Sátidé yẹn kan náà ni ilé ìwòsàn fẹ́ ṣe ìdágbére fún wọn. Wọ́n ra sílíìkì aláwọ̀ búlúù, wọ́n gbé e wá fún ìyá mi tó jẹ́ aránṣọ, wọ́n ní, "Télọ̀ mi, ẹ jẹ́ kí èmi náà dà bí èèyàn lọ́jọ́ yẹn." Ọjọ́ mẹ́rin ni Màmá fi rán an. Kí wọ́n tó jáde lọ ra bọ́tìnnì, wọ́n kìlọ̀ fún mi pé, "Tẹ́ aṣọ mìíràn lé e kó o tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Má sì fojú kúrò lára rẹ̀." Mi ò tẹ́ nǹkan kan. Ojú mi sì ti kúrò lára rẹ̀ tipẹ́. Ibi tó jó náà wà láàrin ẹ̀yìn aṣọ gbangba, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Lábẹ́ tábìlì tí Màmá fi ń gé aṣọ, àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjì ń wa ọkọ̀ ojú omi. Tábìlì yẹn kì í ṣe tábìlì lójú wọn: bó bá jẹ́ ọkọ̀ òkun lónìí, bàálù ni lọ́la. Ẹni ọdún mẹ́fà là ń pè ní Awakọ̀. Àbúrò rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rin, là ń pè ní Kọ̀ndọ́, torí òun ló máa ń pe èrò. "Ẹ sún mọ́ra o! Àyè ẹnì kan ṣì kù!"

Mo wo aṣọ. Mo wo abẹ́ tábìlì. Bí Màmá bá gbọ́ pé ìdí fóònù ni mo wà, Sátidé mi ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́ta ni mo ti fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mò ń wo àwọn ẹlòmíì. Nígbà tí Màmá wọlé tí wọ́n kígbe pé "Yéè! Mo gbé!", ẹnu mi ti là kí n tó ronú.

"Mo gbé áyọ́ọ̀nù sórí pẹpẹ, mo lọ mu omi. Awakọ̀ ló gbé e."

"Èmi kọ́!" Awakọ̀ yọ orí jáde lábẹ́ tábìlì. "Mi ò gbé e!"

"Ìwọ kọ́ náà ni," ni Màmá wí. "Ta ló sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọ̀nì ló gbé ìbọ̀sẹ̀ òun mì?"

"Ó gbé e mì lóòótọ́, Màmá. Inú òkun ni."

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, gbogbo wa ì bá rẹ́rìn-ín. Màmá di Awakọ̀ mú láṣọ. "Sọ òótọ́. Tó o bá sọ òótọ́, mi ò ní nà ọ́. Tó o bá tún ní ìwọ kọ́, wàá jẹ̀yà."

Awakọ̀ wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó tẹjú mọ́ aṣọ tó jó náà títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn.

"Áyọ́ọ̀nù ni ọkọ̀," ló wí. "Aṣọ búlúù ni òkun. Mo wà á kúrò ní èbúté. Ó ń rú èéfín, fùù, fùù. Kọ̀ndọ́ ní kí n dúró, pé erékùṣù wà níwájú. Mo dúró kí èrò lè sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ló ti jó."

"Mo ní kó dúró," ni Kọ̀ndọ́ fi kún un. Kò sí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa sọ tí kò ní ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Háà! Ẹnu ya èmi tí mo pa irọ́ náà. Ẹyọ gbólóhùn kan ni mo gé, ọmọ yìí ti rán ìyókù fún mi, ó tiẹ̀ ti fi aṣọ ìtẹ́nú sí i. Màmá mí kanlẹ̀. Wọn ò nà án lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìránṣọ mọ́. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì àgbà lórí fóònù, wọ́n bẹ̀ wọ́n. Bàbá wa tó jẹ́ púlọ́ńbà dé láti ibi iṣẹ́, àwọn náà gbọ́. Oníbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa gbọ́, ló bá sọ ọmọ náà ní Ajóṣọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún ara mi pé ọmọdé ni, yóò gbàgbé. Mo lọ ṣe ìdánrawò ní pápá, góòlù méjì ni mo gbá wọlé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo ti iléèwé dé tí mo bá Awakọ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Kọ̀ndọ́ ń fà á lẹ́wù, "Jẹ́ ká lọ wa bàálù!" Kò dìde.

"Kí lo fi ọwọ́ rẹ ṣe?" ni mo bi í.

"Mò ń ṣọ́ wọn ni. Wọ́n máa ń ṣe nǹkan tí wọn ò ní sọ fún mi."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde.

"Bọ̀dá mi," ló wí jẹ́ẹ́, "ẹ̀yin lẹ rí mi. Ọwọ́ wo ni mo fi gbé e? Mò ń rí òkun, mò ń rí èéfín, ṣùgbọ́n mi ò rántí ìgbà tí mo gbé áyọ́ọ̀nù. Ṣé orí mi ò dáa ni?"

Mo ti rò pé ìyà ọjọ́ kan péré ni mo fi jẹ ẹ́. Mi ò mọ̀ pé mo ti gba ojú àti ìrántí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ọ̀dọ̀ èmi òpùrọ́ gan-an ló wá ti ń wá òótọ́.

Mo ronú kan Sátidé. Mi ò ní purọ́ mọ́: mo ronú kàn án dáadáa. Ọkàn kan ní kí n gbá bọ́ọ̀lù mi tán, kí n jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ mẹ́ta péré, kí ló fẹ́ ṣe? Mo tún wo ọmọ tó ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ní rárá, kò ní tún fi ìṣẹ́jú márùn-ún jókòó bẹ́ẹ̀ nítorí tèmi. Mo fà á dìde, ó di yàrá ìránṣọ, òun ń fà sẹ́yìn torí wọ́n ti ní kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀.

"Màmá," ni mo wí, "èmi ni mo jó aṣọ yẹn. Mò ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Awakọ̀ ò fọwọ́ kàn án."

Ẹsẹ̀ Màmá dúró lórí máṣíìnì. Ṣùgbọ́n Awakọ̀ ló kọ́kọ́ fèsì.

"Rárá o, Bọ̀dá mi! Èmi ni. Mo wà á dé erékùṣù."

Ẹ wá wò ó, ó ń bá mi gbèjà irọ́ mi! Mo bẹ̀ ẹ́, mo búra, kò gbà. Ó ní òun rí èéfín. Bẹ́ẹ̀ ni, ó rí i, láti abẹ́ tábìlì. Mo bá gbé áyọ́ọ̀nù tó ti tutù sórí pẹpẹ tí Bàbá kàn mọ́ ògiri. "Ó dáa," ni mo wí, "gbé e wá fún mi."

Ó na ọwọ́. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ó nà gàgà. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó fò lẹ́ẹ̀kejì. Pẹpẹ ṣì wà lókè lọ́hùn-ún.

"Ọwọ́ mi ò tó o," ló wí. Ó yíjú sí Màmá. "Màmá, ọwọ́ mi ò tó o!" Ló bá bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí wọ́n bá a wí.

Màmá gbé e mọ́ra. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ," ni wọ́n ń wí. "Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré! Èmi tí mo ń fi téèpù wọn gbogbo ayé, mi ò wọn ọmọ tèmi. Má bínú, ọkọ mi. Ìbínú ló bò mí lójú."

Wọ́n wá kọjú sí mi. Mo retí igbe, igbe ò wá. "Àwọn wo ló gbọ́ irọ́ yẹn?"

"Bàbá. Oníbàtà. Nọ́ọ̀sì àgbà. Àwọn ọmọ àdúgbò."

"Gbogbo etí tó gbọ́ irọ́ rẹ ni yóò gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ìwọ náà. Ojúlé dé ojúlé. Kó o tó dé, màá ti gé ẹ̀yìn tuntun fún aṣọ yìí nínú ìyókù sílíìkì. Ìwọ lo máa fọwọ́ rán etí rẹ̀ yíká. Ìyẹn ni iṣẹ́ Sátidé rẹ."

Mo lọ. Ẹsẹ̀ mi wúwo, ṣùgbọ́n mo lọ. Oníbàtà fi òòlù sílẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ géńdé yìí!" Ojú tì mí, mo fẹ́ kí ilẹ̀ la kí n wọ̀ ọ́. Síbẹ̀ mi ò kúrò níbẹ̀ títí ó fi pe Awakọ̀, tó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Nọ́ọ̀sì àgbà ní tiwọn ní, "Mo ti tọ́jú egbò tó jù yẹn lọ. Èyí tí wọ́n bá bò mọ́lẹ̀ ló máa ń kẹ̀."

Láàárọ̀ Sátidé, mo jókòó ti abẹ́rẹ́. Ariwo pápá ń gba ojú fèrèsé wọlé. Igbe ńlá kan sọ, mo gún ara mi níka. Góòlù ni. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi sáré wá sọ pé a ti borí, mẹ́ta sí ẹyọ kan, pé ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi ló gbá méjì wọlé. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo gé òwú, mo gbé aṣọ fún Màmá. Lọ́sàn-án ni nọ́ọ̀sì àgbà wọ̀ ọ́ lọ.

Ó lé lóṣù kan tí Awakọ̀ ṣì ń bi mí pé, "Bọ̀dá mi, ṣé ohun tí mo rí yìí, mo rí i lóòótọ́?" Ohun yòówù kí n máa ṣe, mo máa ń fi sílẹ̀ dá a lóhùn. Gbèsè tí mo jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá purọ́ mọ́ ẹni tí kò lè gbèjà ara rẹ̀, kì í ṣe ìyà nìkan ló fi jẹ ẹ́, ó ti jí ọkàn rẹ̀ lọ. Lóòótọ́, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n má dúró kí òótọ́ wá bá ọ. Gbéra, kó o lọ bá a, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí yóò dùn ọ́ jù lọ.