Ẹ Tẹ Àbẹ̀kẹ́ Wò

Ọdún tí ìjọba ní kí ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, tí ojú gbogbo dẹ́rẹ́bà pọ́n bí ata, ni Ṣàmsúdéènì ará Àgbàdo di fọ́ọ̀mánù ní ilé búrẹ́dì Àlàájì ní Ifọ̀. Hàfísátù ló kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun ti sọ ojú rẹ̀ di funfun báláú.

"Kí ni oríkì rẹ?"

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣé ìyá mi àgbà ni yín ni?"

"Àlàájì ti fi 'Ìwọ! Ìwọ yìí!' jí àwọn òṣìṣẹ́ yìí títí, wọ́n ṣì ń sùn. Oríkì ni mo fẹ́ fi jí wọn."

Hàfísátù rẹ́rìn-ín títí kó tó sọ oríkì rẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣàmsúdéènì ké sí Wúlẹ̀mọ̀tù, tó máa ń po ìyẹ̀fun bí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀: "Àṣàbí! Àṣàbí ọmọ gidi!"

Hà! Wúlẹ̀mọ̀tù dìde, ó po ìyẹ̀fun títí ẹsẹ̀ tábìlì fi kán. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti di iṣẹ́.

Fọ́ọ̀mánù tún ní ẹni tó bá mú àrà tuntun wá, oríkì onítọ̀hún ni búrẹ́dì náà yóò máa jẹ́. Hàfísátù bá pín ìyẹ̀fun sí mẹ́ta, ó dì í bí irun orí.

Ṣàmsúdéènì wo búrẹ́dì, ó wo ẹni tó dì í. "Àbẹ̀kẹ́ mi."

"Mi" yẹn já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ooru tó mú Hàfísátù lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ti ààrò. Ìfẹ́ ti wọlé.

Búrẹ́dì tà! Bí réluwéè bá ti dúró, igbe àwọn tó ń kiri a sọ: "Àbẹ̀kẹ́ gbóná! Àbẹ̀kẹ́ rọ̀! Ẹ tẹ Àbẹ̀kẹ́ wò kẹ́ ẹ tó rà á!"

Àfi lọ́jọ́ tí Bàbá Láwàl télọ̀, bàbá tó bí Hàfísátù, sọ̀ kalẹ̀ nínú réluwéè. Bàtà kan ló wọ̀ dé ilé búrẹ́dì.

"Ta ló ń ta ọmọ mi lójú irin? Ọkùnrin kan tẹ̀ ẹ́ lójú mi, ó ní kò rọ̀ tó!"

Ṣàmsúdéènì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìyẹ̀fun. "Bàbá, búrẹ́dì ni, sà!"

"Hàfísátù, kó ẹrù rẹ! Ìbàfò lò ń lọ, lọ́dọ̀ àǹtí rẹ. O ò tún ní rí ọmọkùnrin yìí mọ́!"

Hàfísátù di aṣọ bàbá rẹ̀ mú. Omi lé ròrò sí i lójú.

Ṣàmsúdéènì ní: "Bàbá, a ó yí orúkọ náà padà. Kó máa jẹ́ oríkì tèmi, Àkànní."

Wúlẹ̀mọ̀tù fọhùn lẹ́yìn ààrò: "Ta ló fẹ́ tẹ Àkànní wò?"

Ilé hó fún ẹ̀rín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mú búrẹ́dì kan, ó fi ìka tọ ipa irun tó wà lára rẹ̀.

"Ta ló dì í?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Bí ìyá rẹ ṣe máa ń di irun fún ọ kó tó kú nìyí." Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó tẹ búrẹ́dì náà, ó jẹ ẹ́. Lójijì, ó tún bú ramúramù: "Ìwọ Àkànní! O ti polówó ọmọ mi láti Ifọ̀ dé Àgbàdo. Ta ni yóò wá fẹ́ ẹ? Ìwọ náà ni! Ìyà rẹ nìyẹn!"

"Mo gba ìyà náà, sà."

Hàfísátù fọwọ́ bojú. Gbogbo wọn rò pé ẹkún ni.

Ilé búrẹ́dì náà ti wó tipẹ́. Mowe ni arúgbó méjèèjì wà báyìí, eyín ò sí lẹ́nu, búrẹ́dì ayé ìsinyìí kò sì ní irun lára. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Ṣàmsúdéènì a yíjú padà lórí ibùsùn.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣé o ṣì rọ̀?"

"Ẹ tẹ̀ mí wò, Àkànní."