Pákó Wà Lábẹ́ Ibòji, Alága Wà Nínú Oòrùn

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Bàbá Káfíńtà, ẹ gbé pákó rẹ̀ sínú oòrùn. "Ṣé ẹ fẹ́ kó là ni?" ni yóò máa pariwo. "Ṣé ẹ fẹ́ kó ká kò ni?" Abẹ́ àtíbàbà ni gbogbo pákó rẹ̀ ń sùn, yóò sì tún fi tapólì bò wọ́n bí ẹni ń bo ọmọ tuntun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fi ìfági fá ẹsẹ̀ àga lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Tíṣà ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bẹ̀rù. Alága ṣubú lórí pápá. Ó ti lajú, ó wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì wa."

"Ẹ má bẹ̀rù" yìí gan-an ló já bàbá láyà. Ó ju ìfági sílẹ̀, ó ki bàtà bọ ẹsẹ̀ kan, ó ki sálúbàtà bọ èkejì, ó di ilé ìwé.

Alága kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ìpàdé ló ń darí. Ọwọ́ bàbá àgbà yìí ló ti dàgbà, àwọn méjèèjì nìkan ló sì wà nílé.

Bàbá bá a lórí ibùsùn kékeré kan. Wọ́n ti tú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rẹ sómi sí i lọ́rùn àti lábíyá, fáànù sì ń fẹ́ sí i.

"Bàbá àgbà, ẹ káàsán," ni ọmọ náà wí. "Ẹ má bínú pé mi ò lè dọ̀bálẹ̀."

"Dákẹ́ jàre! Ta ló ń béèrè ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ?" Omi ti lé ròrò sí bàbá lójú. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó dúpẹ́ títí tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ fáànù pàápàá.

"Bàbá, ẹ jókòó," ni nọ́ọ̀sì wí. "Oòrùn ló mú un. Àwọn àlejò wá wo pápá wa, a sì jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró pẹ́ jù láti kí wọn. Ẹ̀bi wa nìyẹn, a ò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń yà mí lẹ́nu. Gbogbo ọmọ la fún ní akẹtẹ̀, a sì kọ́ wọn pé kí wọ́n máa dé e nínú oòrùn. Àwọn yòókù dé tiwọn. Alága gbá tirẹ̀ mọ́ àyà."

"Àlejò wà níbẹ̀ kẹ̀," ni Alága dáhùn. "Ọ̀gá ilé ìwé náà wà níbẹ̀. Bàbá àgbà ní ọmọlúàbí kì í dé fìlà níwájú àgbà."

"Omi tí wọ́n gbé wá ńkọ́?" ni nọ́ọ̀sì bi í. "Kí ló dé tó ò mu ún?"

"Àwọn àgbà ò tíì mu, èmi ni mo wá fẹ́ kọ́kọ́ mu?"

Bàbá wolẹ̀. Òun ló kọ́ ọ, ẹ̀kọ́ gidi sì ni. Kò kàn sọ ibi tí ẹ̀kọ́ náà mọ fún un ni.

Nọ́ọ̀sì rí i pé ojú ń ti bàbá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, mo máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yín kọjá. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bo pákó?"

"Kí oòrùn má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ, kó má baà..." Bàbá wo Alága. "Ye! Ó ti yé mi, ìyá mi. Mo gbé pákó sábẹ́ ibòji, mo wá fi ọmọ mi sínú oòrùn."

"Mi ò tíì là o," ni Alága wí láti orí ibùsùn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe tó fi lajú?" ni bàbá bi í. "Ẹ kọ́ èmi náà."

"A gbé e sábẹ́ ibòji, a tú aṣọ rẹ̀, a fi omi tútù nu ún lára, a ń fẹ́ ẹ. Ìgbà tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa la tó fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Ká ní kò tètè jí ni, tàbí tó ń sọ kántankàntan, tó ń bì, tàbí tí gìrì mú un, à bá sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ká sì máa tu ú lára lọ títí a ó fi dé ibẹ̀. A ò sì ní rọ omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ ibi tó wà."

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí ara Alága ti yá, bàbá kó pákó àti páànù lọ sí ilé ìwé, ó kan àtíbàbà ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ọ̀gá ilé ìwé kó àwọn ọmọ jáde láti wá dúpẹ́. Bí Alága ṣe rí bàbá àgbà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi akẹtẹ̀.

"Má ṣí i!" ni bàbá ké. "Ẹ̀yin ọmọ mi, bẹ́ ẹ bá wà nínú ilé, ẹ ṣí fìlà kí àgbà. Nínú oòrùn, èmi àgbà ni mo ní kẹ́ ẹ dé e. Bẹ́ ẹ bá sì rí omi, ẹ mu ún. Ẹ má dúró de àgbà kankan!"

Alága dọ̀bálẹ̀ tòun ti akẹtẹ̀. Akẹtẹ̀ náà yọ̀, ó bò ó lójú dé imú. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ má ṣeré níta mọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ jẹ́ kí eré àti ìdárayá jẹ́ òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá ti ń gbóná láàárín ọ̀sán, ẹ kó wọn sábẹ́ ibòji. Ẹ dé wọn ní akẹtẹ̀, ẹ wọ̀ wọ́n láṣọ fẹ́lẹ́ tó bo apá, ẹ fún wọn lómi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ oòrùn. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tí a tì, bó ti wù kí ìdúró náà kéré tó. Ọmọ tó jẹ́ àfín nílò ju èyí lọ: aṣọ alápá gígùn, ìpara tó ń dènà oòrùn, àti ìjókòó tó jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé.

Kẹ́ ẹ sì kọ́ wọn ní ìkíni, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ rántí orí tí wọ́n ń tẹ̀ ba fún yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.