Ẹ̀yìn Dígí

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́, Bàbá! Ẹ gbé ṣọ́bìrì yẹn sókè díẹ̀."

"Ṣé títí ọwọ́ mi á fi já ni? Ìwọ ọmọ yìí, o le ju ọ̀gá mi lọ."

Imbro ń rẹ́rìn-ín bó ṣe dúró sínú yìnyín àgbàlá wọn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò ìgbéyàwó. Dorica ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ń fi pẹ́ńsùlù yà á sórí bébà.

Ìlú Zagreb ni Imbro ti ń ṣiṣẹ́. Bí yìnyín bá bo ìlú, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó o kúrò lójú irin kí ọkọ̀ ojú irin ìgboro lè kọjá. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń wálé sí abúlé. Nígbà tí Dorica ní òun fẹ́ ya Zagreb nínú yìnyín, àti pé bàbá òun ni yóò wà níwájú nínú àwòrán náà, kò sí ẹni tí Imbro ò ròyìn rẹ̀ fún níbi iṣẹ́.

Ẹ̀yìn dígí ni wọ́n ń kun ọ̀dà sí lábúlé wọn. Ohun tó sún mọ́ ojú jù lọ ni wọn á kọ́kọ́ kùn, bí èèyàn. Lẹ́yìn náà ni ilé, yìnyín àti ojú ọ̀run á tẹ̀ lé e. Wọn á wá yí dígí náà padà kí wọ́n tó wò ó.

Gbogbo Sátidé ni ẹgbẹ́ ayàwòrán tí Dorica wà ń pàdé nílé ìdáná Bàbá Mijo, àgbẹ̀ tó ti ń yàwòrán kí wọ́n tó bí Dorica. Wọ́n á jẹ burẹ́dì àgbàdo, wọ́n á sì máa yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Vlatka, ọmọ oníṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, ni Dorica ń wá ojúrere rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti parọ́ fún un pé ọ̀gá àgbà ni bàbá òun níbi iṣẹ́ ọkọ̀.

Ní Sátidé kan, tí Dorica ṣẹ̀ṣẹ̀ kun bàbá rẹ̀ sẹ́yìn dígí tán, Vlatka na ìka sí i. "Yéè! Ta ni bàbá akólẹ̀ oníbàtà rọ́bà yìí? Àbí èèyàn ẹ ni?"

Àwọn ọ̀dọ́ tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Dorica.

"Èèyàn mi kẹ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo kàn fi dí àyè ni."

Ó mú àkísà, ó nu bàbá rẹ̀ kúrò kí ọ̀dà tó gbẹ.

"Ṣó dá ẹ lójú?" Bàbá Mijo bi í. "Tó o bá ti fi yìnyín bo ibẹ̀, ọkùnrin yẹn ò ní lè wọnú àwòrán náà mọ́ o."

"Ó dá mi lójú, Bàbá." Ó sì kun gbogbo ibẹ̀ ní funfun.

Nígbà tí wọ́n pàtẹ àwòrán ẹgbẹ́ náà ní Zagreb, Imbro fá irùngbọ̀n, ó sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dání láti ibi iṣẹ́. "Ẹ wá wò mí o!" ló ń wí láti ẹnu ọ̀nà. Ó wá ara rẹ̀ nínú àwòrán Dorica lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó wá a títí dé ìdí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo Dorica, tó ti sorí kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Vlatka, ọ̀rọ̀ náà sì yé e.

"Ojú mi ni ò ríran mọ́," ló sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. "Ojú irin yẹn mọ́ dáadáa, ọmọ mi. Ta ló wá kó yìnyín ibẹ̀?"

Imbro ò bá a wí lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Dorica náà ò sì tọrọ àforíjì. Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á sọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, Imbro ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Dorica tú àwòrán náà kúrò nínú férémù. Ó ya bàbá rẹ̀ sórí yìnyín lẹ́yìn dígí náà, tòun ti ṣọ́bìrì àti bàtà rọ́bà. Nígbà tó yí i padà, funfun lásán ló rí níbẹ̀. Ó sunkún títí ohùn fi há.

Ìyá rẹ̀ gbé àwòrán náà kọ́, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, ẹ̀yìn tí Imbro wà ló kọjú síta. Vlatka wá kí wọn, ó ní wọ́n gbé e kọ́ sódì.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Dorica wí. "Bàbá mi nìyẹn. Akólẹ̀ tí mo ní mi ò mọ̀ rí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má sẹ́ èèyàn yín nítorí ẹ̀rín ọ̀rẹ́. Ẹ má sì dá ọjọ́ fún àforíjì, torí Dorica ṣì ní tiẹ̀ lẹ́nu, kò sì rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún.