Ọ̀ọ́dúnrún Wáàtì ní Zion Pepe

Láti ìdájí ni kùrukùru ti bo odò ìlú Zion Pepe, tí èèyàn ò rí ju ìwọ̀n apá rẹ̀ lọ. Jákọ́bù, bàbá àgbà Dèbórà, jókòó sórí afárá pákó, ó ń lu àjákù páìpù epo tí wọ́n so rọ̀ síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ sinmi. Ìró irin yẹn ni àwọn apẹja tó wà lójú omi fi ń mọ ọ̀nà ilé, Rèbékà, ìyá Dèbórà, sì wà lára wọn.

Nínú ilé, Dèbórà ń fi àńpílífáyà tí bàbá rẹ̀ fi ń gbé ohùn orin sókè han Mabel, ọmọ kíláàsì rẹ̀. Adégbóyè, bàbá Dèbórà, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo, ti ra ẹ̀rọ náà kó tó ra àga tí èèyàn lè jókòó sí gbọ́ ọ. Kò sí àlejò tí Adégbóyè kì í fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ hàn: agbára ọ̀ọ́dúnrún wáàtì.

Mabel yínmú. "Rédíò bọ̀ọ̀dá mi ní Mahintedo pariwo jù ú lọ. Àbí ẹ kàn lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn ni?"

"Bàbá mi ní n ò gbọdọ̀ tàn án nígbà tí kùrukùru bá wà."

"Háà! Ẹ̀rù rédíò ń bà ẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà ta á lára. Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó fi orin sí i, ó yí bọ́tìnì ohùn dé òpin. Pákó ilẹ̀ ń gbọ̀n, àwo ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mabel pàtẹ́wọ́, Dèbórà sì na àyà bí ẹni pé òun ló ṣe iná mànàmáná.

Wọn ò gbọ́ bí bàbá àgbà ṣe ń gbá ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó fa wáyà yọ.

"Dèbórà, èmi tí mò ń lu irin ò gbọ́ ọ mọ́! Ṣé ìyá rẹ ló máa gbọ́ ọ?"

Dèbórà sáré jáde, ó gba irin, ó lù ú títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tó pẹ́, ọkọ̀ kan rọra yọ láti inú kùrukùru. Ọkọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó rí Rèbékà níbi tó ti dì mọ́ òpó kan. Ìgbì ọkọ̀ ayára kan ló dà á sómi, tó sì gbá a mọ́ òpó náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ni Dèbórà ń wí.

"Mo gbọ́ yín," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Orin yín ń ti ọ̀tún wá, ó ń ti òsì wá, mo sì ń wa ọkọ̀ tẹ̀lé e. Irin nìkan ni mi ò gbọ́."

Títí dòní ni Rèbékà ń tiro. Àlejò ṣì ń béèrè nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n Dèbórà kì í dá wọn lóhùn. Ó ti mọ̀ pé ariwo tí èèyàn fi ń ṣe fáàrí lè bo ìró kékeré tí ẹ̀mí ẹlòmíì rọ̀ mọ́. Bí kùrukùru bá ti sọ̀, òun ló ń lu irin.