Ohun Tó Ń Fa Wáì-fáì Ilé Ọmọ́yẹlé Sẹ́yìn

Ọjọ́ Ajé tí Joseph, atúnkọ̀ǹpútà-ṣe, ọmọ ìlú Ẹ̀júkù, kọ́kọ́ wọ ilé wọn ní Kabba, Ọmọ́yẹlé kò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó.

"Okun o," ó kí i. "Wáì-fáì yìí fẹ́ pa mí! Ilé-iṣẹ́ kan l'Ábújá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Ẹtì. Bí wọ́n bá gbà mí, ilé níbí ni n óò ti máa ṣiṣẹ́. Mi ò ní fi Bàbá nìkan sílẹ̀ nílé."

Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. Ojú Joseph kò kúrò lára rẹ̀.

Ó wo inú ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín wáì-fáì. Fóònù mẹ́tàlá ló ń fa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé èèyàn méjì! Àwọn aládùúgbò ti mọ páásíwọ́ọ̀dù wọn. Kó yí i padà, iṣẹ́ parí.

Àmọ́ bí iṣẹ́ bá parí, kí ni yóò tún wá ṣe níbẹ̀?

Ó gbé ráútà kúrò lẹ́yìn fíríìjì lásán. "Màá padà wá lọ́la."

Ó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá lọ́jọ́rú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi tútù ń lọ, omi tútù ń bọ̀. Ọmọ́yẹlé ti ń pè é ní "Joseph mi." Bàbá Thomas, bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ Ẹ̀júkù yìí, ṣé kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, àbí ọmọ mi ló ń wò?"

Lọ́jọ́bọ̀, Joseph pinnu láti yí páásíwọ́ọ̀dù náà padà. Wọ́n mú iná lọ, iná ò sì dé títí ó fi lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, fóònù rẹ̀ dún. Ẹkún Ọmọ́yẹlé ni. "Àwòrán mi dì pa! Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ mi. Wọ́n ti lọ!"

Joseph sáré débẹ̀, ó yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà ń sáré bí ẹtu.

Ọmọ́yẹlé tẹjú mọ́ ọn. "Kò ju báyìí lọ?"

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́ máa rí ẹ ni."

"Jáde!"

Fún ọjọ́ mẹ́rin, Joseph ò lè jẹun. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, kò mọ ibi tó ń lọ. Níkẹyìn ó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà: "Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ọmọbìnrin náà níyà."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ọmọ́yẹlé dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Joseph.

"Wọ́n pè mí padà. Wọ́n gbà mí. Wọ́n ka lẹ́tà rẹ sí mi létí. Bàbá náà gbọ́."

"Ọmọ́yẹlé, jọ̀ọ́..."

"Inú ṣì ń bí mi o." Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá ní kó o wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì."

"Kí ló tún bàjẹ́?"

"Kò sóhun tó bàjẹ́. Ìwọ ni a fẹ́ rí."