Ilé Ẹ̀kọ́ Tí Léon Fi Ẹnu Kọ́

Ọ̀rẹ́ mi tí o ń ka ìwé kékeré yìí, èmi kò mọ irú ẹni tí o jẹ́. Bóyá o kì í mutí, o kì í sì í jalè. Léon Olúgbódi náà kì í mutí, kì í jalè, síbẹ̀ ọ̀nà ọ̀run àpáàdì ló ń tọ̀, pẹ̀lú bàtà dídán lẹ́sẹ̀.

Atakpamé, ìlú kan ní ilẹ̀ Tógò, ni Léon ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Abúlé kan lẹ́yìn Elavagnon ni wọ́n ti bí i, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kàwé lábẹ́ àtíbàbà. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn baba ọmọ á gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n á fi tún orí àtíbàbà náà bò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àgbàdo àti iṣu ni wọ́n ń fún olùkọ́. Kò dára tó, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń mọ̀wé.

Léon a máa fojú inú wo ilé ẹ̀kọ́ tí òun yóò kọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú: ilé bíríkì, páànù tó ń dán, fèrèsé aláwọ̀ búlúù, orúkọ òun gàdàgbà lókè ẹnu ọ̀nà. Ó ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, ó ń sọ ọ́ fún àlejò. Bí oníwàásù bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni Léon máa ń rò, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Lójú tirẹ̀, Ọlọ́run kò lè bínú sí ẹni tó ní irú èrò rere bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kan, ó lọ kí wọn nílé fún ọdún tuntun. Ó bá imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n ti kó jọ fún iṣẹ́. Ojú tì í. Ó dìde láàrin àwọn àgbà, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi imọ̀ yìí dáná. Ilé bíríkì ni mo máa kọ́ fún yín kí òjò tó rọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá kan sunkún ayọ̀. Wọ́n sì fi imọ̀ náà dáná lóòótọ́.

Òjò rọ̀, Léon kò yọjú. Ọkọ̀ ló rà lọ́dún yẹn.

Ìjì wó àtíbàbà gbígbó náà lulẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n tún un ṣe, àwọn yòókù á ní kí wọ́n má dójú ti Léon, pé ó ń bọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe dúró dè é títí olùkọ́ fi bá tirẹ̀ lọ sí apá Notsé, ó lọ dáko.

Rosine, àbúrò Léon, ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀mídé. Ọmọ náà mọ̀wé débi pé òun ló ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn fún àwọn arúgbó àdúgbò. Ó wá jókòó sílé, kò rí ibi kàwé mọ́. Ni obìnrin kan tó ń kó ọmọ lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Nàìjíríà bá dé. Ó ní wọ́n máa fi í sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Rosine gbà á gbọ́, ó sì fi ọmọ náà lé e lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Rosine dé sí Atakpamé. Kò jókòó, kò gba omi.

"Fofo," bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀, "obìnrin yẹn ti dé. Òun nìkan ló dé. Ó ní Ayọ̀mídé sá kúrò nílé ọ̀gá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà."

Léon gbé Rosine sínú ọkọ̀, ó di abúlé. Wọ́n wádìí lẹ́nu obìnrin náà, ohun kan náà tó sọ fún Rosine ló tún sọ. Bí wọ́n ti ń padà lọ sílé, wọ́n gba ibi tí ilé ẹ̀kọ́ wà tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ti gbin gbágùúdá síbẹ̀.

Léon gbaná jẹ. "Kí ló dé tí ẹ ò tún àtíbàbà ṣe? Ṣebí imọ̀ ọ̀pẹ lásán ni!"

Rosine wò ó. "Ẹ̀yin lẹ ní ká fi í dáná, Fofo."

Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Philippe, tí òun àti Léon jọ kàwé ní kékeré, ló ń ti oko bọ̀. Ó jẹ́ ẹni tó mọ Jésù. Ó bá Léon níbi tó jókòó sí nílẹ̀.

"Léon, a gbọ́. Pẹ̀lẹ́."

"Philippe, lóṣù tó ń bọ̀ mo máa kó bíríkì wá. Mo fi Ọlọ́run búra..."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀. Má búra. Ilé tí o kò kọ́ yìí lo ń gbé wá síwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo, kó lè gbójú fo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Kò gbà á. Bí o bá tiẹ̀ kọ́ ọ, kò ní gbà á. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù. Wá bí o ṣe rí."

"Bí mo ṣe rí kò dára."

"Ó mọ̀. Ó mọ̀ kó tó kú fún ọ."

Léon kúnlẹ̀ sáàrin gbágùúdá. "Jésù, òpùrọ́ ni mí. Ìyìn ni mo fẹ́, n kò fẹ́ràn àwọn ọmọ wọ̀nyí. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi hàn ọ́. Ṣàánú mi." Ọlọ́run gbọ́ ọ.

Má rò pé gbogbo nǹkan wá dùn. Léon ta ọkọ̀ rẹ̀, ó fi owó náà wá ọmọ kiri. Ó dé Abẹ́òkúta, ó dé Ìbàdàn. Títí di òní, wọn kò rí Ayọ̀mídé. Àwọn ọmọ abúlé ti ń kàwé padà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tí Léon bá wọn gé, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Jésù ti dárí jì í. Rosine kò tíì lè ṣe é, a kò sì bá a wí.

Ìwọ ńkọ́? Ohun rere wo ni o máa ṣe bó bá yá, tí o fi ń tu ara rẹ nínú bí ẹ̀rí ọkàn rẹ bá ń gún ọ? Ìgbà wo ni ìwọ fẹ́ yà sọ́dọ̀ Jésù, nígbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀? Léon rí àánú gbà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó wá, òun nìkan kọ́ ni pípẹ́ rẹ̀ pa lára.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Sọ òtítọ́ nípa ara rẹ fún Olúwa lónìí. Ẹnì kan wà tó ń jìyà ìdádúró rẹ báyìí. O kò kàn tíì mọ orúkọ rẹ̀ ni.