Ọmọkùnrin Kì í Hu Eyín Nílé Káfíńtà

Káfíńtà ò wọn òkú ọmọkùnrin rẹ̀ kẹta kó tó kan pósí rẹ̀. Ó ti mọ ìwọ̀n náà sórí: pákó gígùn mẹ́rin, kúkúrú méjì, ìṣó méjìlélógún. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni, bíi ti àwọn méjì tó ṣíwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á.

Ọmọbìnrin méjì wà nílé náà, ara wọn ń dán, ariwo wọn ń gba ilé kan. Ọkùnrin nìkan ni kì í dúró. Bí wọ́n bá bí i, á sanra, á máa rẹ́rìn-ín sí àlejò títí di oṣù kẹfà. Lẹ́yìn náà, ẹnu rẹ̀ á kún fún nǹkan funfun bíi wàrà tó dì, etí rẹ̀ á máa ṣọyún, ikọ́ á wọlé, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Ọ̀kankan nínú wọn ò hu eyín rí.

"Ta ló gbé e kẹ́yìn?"

Ìyá ìyàwó ló bèèrè bẹ́ẹ̀, wọn ò tíì gbé pósí jáde. Látìgbà tí ọmọ kejì ti kú ló ti wá ń bá ọmọ rẹ̀ gbé. Ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni," ìyàwó dáhùn. "Wọ́n ní kí n sùn díẹ̀."

"Ìwọ sùn. Òun ò sùn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Káfíńtà wí. "Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbé dàgbà nígbà tí ìyá wa kú."

"Ẹni tó tọ́ni náà ló mọ ibi tó ti máa buni jẹ."

Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí, nítorí iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ tó ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò bímọ rí. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, tí èéyi bo gbogbo ọmọ àdúgbò lára, tó sì dá àgbàlagbà míì náà dùbúlẹ̀, òun àti àwọn ọmọbìnrin Káfíńtà ló jọ ń sùn lórí ẹní kan náà, òun ló ń nu imú wọn, òun ló ń fọ aṣọ gbogbo ilé aláìsàn. Kò tilẹ̀ sín. Nígbà yẹn, wọ́n ní Ọlọ́run ló ṣọ́ ọ. Wàyí o, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

"Ṣé irin ni wọ́n fi ṣe é ni?" ìyá ìyàwó á wí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. "Ajá kì í bu olówó rẹ̀ jẹ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n sin ọmọ náà, ìyàwó yọjú lójú fèrèsé. Ẹyẹ eléérú kan, ọrùn gígùn, bà lórí okùn tí Alágbàfọ̀ ń sáṣọ sí. Alágbàfọ̀ jókòó lábẹ́ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹyẹ ò fò. Ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ìyàwó fọwọ́ bo ikùn. Oyún oṣù méjì tún ti wà nínú rẹ̀.

Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù láàárín òkìtì pákó. "Òun tàbí èmi. Ẹ yan ọ̀kan."

Káfíńtà gbé rándà tó fi ń fá pákó sílẹ̀. Kò sọ pé rárá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pa mọ́ Alágbàfọ̀: ìyá ìyàwó, ìyàwó, obìnrin aládùúgbò mẹ́ta, àti Káfíńtà. Omi sódà ń hó kùtùkùtù nínú ìkòkò ńlá tí Alágbàfọ̀ fi ń se aṣọ funfun.

"Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́," ìyá ìyàwó wí. "Bó bá mọ́, kò ní bó."

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń se aṣọ. Omi yìí ò mọ olódodo, Màmá. Gbogbo ara ló ń bó."

"Ẹ̀ ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀!" ìyàwó ké.

"Ẹyẹ wo? Orúkọ ọmọ yẹn ni mo ń pè."

"Ẹ ò gbọ́ bí? Ó ń pè é!" ìyá ìyàwó wí fún àwọn yòókù.

Alágbàfọ̀ wá kọjú sí àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Sọ̀rọ̀."

Káfíńtà sún mọ́ ọn. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, bó ṣe ń di pákó mú kí ayùn má baà yẹ̀, ó sì ti ọwọ́ náà bọnú omi.

Wọ́n gbọ́ igbe náà ní òpópónà kejì. Nígbà tí ọwọ́ jáde, awọ ń ṣí kúrò lára rẹ̀ bí ìbọ̀wọ́. Ìyá ìyàwó ní kó jẹ́wọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á padà síbẹ̀.

"Èmi ni," Alágbàfọ̀ wí. "Èmi ni mo pa wọ́n. Gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́."

Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti tì í síta tòun ti ẹrù tí kò lọ́wọ́ tó lè fi gbé e.

Ìyàwó bí ọkùnrin. Ọmọ náà sanra. Ìyá ìyàwó ń jó láti iyàrá dé ojúde. "Ẹ rí i bí ilé ṣe tutù!" Oṣù kẹta, oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún. Nínú oṣù kẹfà, ìyàwó fẹ́ fún ọmọ lọ́yàn, ọmọ yanu, nǹkan funfun ti kún ẹnu rẹ̀.

Ìyàwó gbé ọmọ náà sórí itan. Ó kàn ń wo ọkọ rẹ̀. Kò sí Alágbàfọ̀ nílé mọ́.

Káfíńtà gbé ọmọ, òun àti ìyàwó pẹ̀lú ìyá ìyàwó rin ìrìn wákàtí mẹ́ta lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà ibẹ̀, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ní ọjọ́ kẹrin ó pe gbogbo wọn jọ. Ìyá ìyàwó ló kọjú sí.

"Ìyá, ọmọkùnrin mélòó ni ìyá yín bí?"

Ìyá ìyàwó fi ìka kà wọ́n. "Mẹ́rin. Wọn ò pọ́dún."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"Ẹyọ kan. Oṣù méje."

Ìyàwó yíjú wìrì. "Màmá! Ẹ ní èmi nìkan lẹ bí."

"Kí ni wọ́n ní ó pa àwọn àbúrò yín?" dókítà bèèrè.

"Ìyàwó kékeré bàbá wa."

"Níbo ni ìyàwó náà wà báyìí?"

Ìyá ìyàwó ń wo ilẹ̀. "Wọ́n sọ ọ́ lókùúta. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Wọ́n fún èmi náà ní òkúta kan."

Dókítà wá ṣàlàyé fún gbogbo wọn. "Ara ẹ̀dá láwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Apá kan agbára wọn, àjogúnbá ni. Apá kejì, ogun tí wọ́n ti jà rí ló ń kọ́ wọn. Ọmọ yìí ò jogún ọmọ ogun tó lè jà. Àwọn tí ìyá rẹ̀ yá a nínú oyún ló ń jà fún un. Nígbà tí wọ́n tán, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ni àléébù náà ti ń wá. Obìnrin lè máa gbé e kiri kó má ṣe é ní nǹkan kan. Kì í ṣe gbogbo ọmọkùnrin tó bá bí ló ń kàn, ṣùgbọ́n èyí tó bá kàn, bó ṣe máa ń rí nìyí."

"Èéyi ńkọ́?" Káfíńtà ló bèèrè. "Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn tó ń ṣe jọ sùn lórí ẹní kan náà, kò mú wọn."

"Ṣé ó ti ṣe wọ́n rí?"

"Ní kékeré. Wọ́n ní díẹ̀ ló kù kó gbé wọn lọ."

"Ó parí. Ara tó ti ṣẹ́gun ọ̀tá yẹn kì í gbàgbé ojú rẹ̀." Ó pa ìwé dé. "Ká ní ẹ gbé àkọ́kọ́ wá ni, à bá mọ̀ kẹ́ ẹ tó bí èkejì. À ń rí i wò bó bá tètè délé ìwòsàn. Ti eléyìí ti wọ ẹ̀dọ̀fóró."

Ọmọ náà kú lọ́jọ́ kọkànlá.

Lójú ọ̀nà ilé, ìyá ìyàwó ló kọ́kọ́ la ẹnu. "A ò ní sọ fún ẹnì kankan. Ta ló máa fẹ́ àwọn ọmọbìnrin yìí, bí wọ́n bá gbọ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà? Àjẹ́ ló pa á. Òkèèrè ló wà tó fi pa á."

Ìyàwó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò jiyàn. Káfíńtà náà ò jiyàn.

Ó lé lóṣù kan kó tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nínú iyàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo. Ìka rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Káfíńtà kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ẹ̀yin. Dókítà ti sọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin rárá."

"Mo mọ̀." Alágbàfọ̀ wò ó títí. "Ṣé o ti sọ fún wọn ládùúgbò?"

Káfíńtà ò gbójú sókè. "Nítorí àwọn ọmọbìnrin ni, Ẹ̀gbọ́n…"

Alágbàfọ̀ fi ìgúnpá ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn lójú.